Halothane ti ń tán nílẹ̀: kí la ó máa fi kun àwọn ọmọdé lóorun ní tíátà?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ògùn · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ojúgbà mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún.

Nọ́ọ̀sì akunilóorun ni mí ní ọsibítù ìjọba kan lápá Òkè-Ògùn. Ọdún 11 rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Dókítà akunilóorun kan ṣoṣo tí a ní ti gba ìlú Òyìnbó lọ ní èṣí, wọn ò sì tíì rí ẹni fi rọ́pò rẹ̀. Èmi àti nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ la jọ ń fà á. Ẹ̀rọ akunilóorun Boyle àtijọ́ la ní, vaporizer aláwọ̀ pupa ló wà lórí rẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń sọ halothane, oògùn olómi tí aláìsàn ń mí sínú láti sùn, di gáàsì. Halothane tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ wa ò ju ìwọ̀n ìka méjì lọ nídìí ìgò. Ẹni tó ń tà á fún wa n'Íbàdàn ní òun ò rí i rà mọ́, àwọn tó ń ṣe é ń dáwọ́ dúró. Ó ní isoflurane wà, sevoflurane náà wà, àmọ́ owó sevoflurane ju agbára wa lọ.

Ọ̀gá wa ní kí n da isoflurane sínú vaporizer pupa yẹn, pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọkàn mi ò gbà á. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, abẹ́rẹ́ ketamine nìkan ni mo fi ń kun àwọn ọmọdé.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n wá síbí. Ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún un. Ìyá rẹ̀ ò sọ fún wa pé ọ̀fìnkìn ti ń ṣe é láti òpin ọ̀sẹ̀. Ketamine wọlé, ọmọ sùn. Abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ara rẹ̀ ni ọ̀fun rẹ̀ bá pa dé. Ikùn ń wú, àyà ń jìn wọnú, bí ìgbà tó ń mí, ṣùgbọ́n mo gbé etí sí i lẹ́nu, n ò gbọ́ ìró kankan. Oximeter, ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tó ń dún tín-tín bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbòò: 94, 86, 71. Mo ní kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró, mo fa àgbọ̀n rẹ̀ síwájú, mo fi ìbòjú dé e pinpin pẹ̀lú ọ́síjìn, mo ń tẹ báàgì, kò wọlé. Ó tó ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kó tó tú. Ọmọ náà ti lọ sílé, ara rẹ̀ le koko, a dúpẹ́. Èmi ni ọwọ́ mi ò dẹ́kun gbígbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọmọ márùn-ún ló wà lórí ìwé fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kí n da isoflurane sínú pupa yẹn? Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ni ẹ̀yin ń ṣe níbi tiyín?

Ìyá Tíátà · Ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́

Àbúrò mi, o kú ewu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí tí kò rí i rí.

Ní ti vaporizer, dà á sínú rẹ̀ jàre. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti ń da isoflurane sínú pupa níbi tí mo wà, ẹnikẹ́ni ò kú. Bí halothane ṣe ń gbẹ ni isoflurane náà ṣe ń gbẹ. Ohun kan ṣá ni pé àwọn ọmọ máa ń ta ẹsẹ̀ nígbà tí abẹ bá kan ara wọn, àwa náà á sì yí nọ́ńbà sókè díẹ̀.

Onímọ̀-Ẹ̀rọ Mókólá · Ọjọ́ Ajé, 10:30 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má fún un nímọ̀ràn yẹn. Èmi ni mò ń tú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, mo sì ń rí ohun tó wà nínú wọn.

Halothane ní thymol nínú, ìyẹn ni wọ́n fi ń pa á mọ́ kó má bàa bàjẹ́. Thymol yìí kì í gbẹ bí halothane ṣe ń gbẹ. Yóò ṣẹ́ kù sínú vaporizer, yóò di nǹkan àwọ̀ ìyeyè tó ń lẹ̀ bí oje igi, yóò sì di òwú inú rẹ̀ àti ibi tí ẹ ń yí mú. Mo ti tú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ò yí mọ́ ju 2% lọ. Ẹni tó ń lò ó rò pé 3% lòun fi sí.

Bí ẹ bá wá da oògùn mìíràn lé e, àdàlù lẹ ń fún ọmọ, ẹ ò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹ tún wo àwọ̀: pupa ni ti halothane, àlùkò ni ti isoflurane, ìyeyè ni ti sevoflurane, búlúù ni ti desflurane. Gbogbo ayé ló fi ń dá wọn mọ̀. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì tuntun yẹn bá nìkan wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, pupa ni yóò rí, bí halothane ni yóò sì ṣe lò ó.

Bàbá Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n oorun kì í pẹ́ lójú mi, mo sì ka gbogbo rẹ̀.

Ìyá Tíátà ò parọ́, Onímọ̀-Ẹ̀rọ náà ò sì ṣì í sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà tú u. Ní 20°C, agbára tí halothane fi ń gbẹ jẹ́ 243 mmHg, ti isoflurane jẹ́ 238. Wọ́n súnmọ́ra bí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n. Nítorí náà, bí vaporizer pupa bá mọ́ tónítóní, tí isoflurane nìkan sì wà nínú rẹ̀, ohun tí yóò jáde ò ní jìnnà sí nọ́ńbà tí ẹ yí i sí. Ibí yìí ni Ìyá Tíátà fẹsẹ̀ lé.

Ibi tí ó ti bọ́ ni agbára oògùn náà nínú ara. Ìwọ̀n halothane tí kò ní jẹ́ kí ìdajì àgbàlagbà mira nígbà tí abẹ bá kàn wọ́n ò ju 0.75% lọ. Ti isoflurane tó nǹkan bí 1.15%, ti ọmọdé sì tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rèé tí àwọn ọmọ yín fi ń ta ẹsẹ̀, Ìyá Tíátà. Ọwọ́ yín mọ 1% ti halothane, 1% ti isoflurane ò sì gbé ọmọ débẹ̀. Ọmọ yẹn ò sùn tó, mà. Kì í ṣe ohun tí a ó kàn yí nọ́ńbà sí kí a sì gbàgbé.

Sevoflurane ńkọ́? 157 ni tirẹ̀. Bí ẹ bá dà á sínú pupa, ohun tí yóò jáde yóò kéré púpọ̀ sí nọ́ńbà ojú rẹ̀, ọmọ á jí. Èyí tó ń pààyàn ni òdìkejì rẹ̀: kí ẹnì kan lọ da halothane sínú vaporizer aláwọ̀ ìyeyè ti sevoflurane. Ìlọ́po ni yóò jáde, ọkàn ọmọ á sì rẹ̀ wálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ọdún 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ fi halothane kun aláìsàn lóorun, ní Manchester. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1978, ether ṣì wà ní àwọn ọsibítù kéékèèké, òórùn rẹ̀ á tẹ̀ lé ènìyàn délé. Nígbà tí a rí halothane, ó dà bí ẹni pé wọ́n tú wa sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Kò ta ọmọ lọ́fun, òórùn rẹ̀ dùn, ọmọ á fi ẹnu ara rẹ̀ fà á títí yóò fi sùn. Àmọ́ a rí àléébù rẹ̀ náà. Àgbàlagbà tí a bá fún lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù díẹ̀ lè kó ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹlòmíràn a sì ti ibẹ̀ lọ. Bí oníṣẹ́ abẹ bá tún gún adrenaline sí ojú ọgbẹ́, ọkàn aláìsàn lè máa lù ségesège. Ẹ má sunkún rẹ̀ jù.

Isoflurane kò ní wàhálà méjèèjì yẹn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ta ọ̀fun. Bí ẹ bá fi ìbòjú gbé e fún ọmọ tí kò tíì sùn, yóò wúkọ́, yóò di èémí mú, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ á sì tún ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi isoflurane mú ọmọ sùn. Ẹ kọ́kọ́ rí ojú iṣan, ẹ fún un ní ketamine tàbí propofol níbẹ̀, kó sùn tán, lẹ́yìn náà kí isoflurane wá máa gbé e lọ.

Adé Leeds · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ Bàbá, ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Yorkshire ni mo ti ń kun ènìyàn lóorun. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ò rí halothane rí láyé wọn. Níbí, desflurane ni ìjà wà lé lórí báyìí: Scotland ti dẹ́kun rẹ̀ ní 2023 nítorí ooru tó ń dá sí ojú ọ̀run, Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà fi òfin dí lílò rẹ̀ láti January 2026. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìṣòro Òkè-Ògùn nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé sevoflurane ò wọ́n tó bí ẹ ṣe rò, bí ọ́síjìn tó ń gbé e kò bá pọ̀. Ìṣirò wa rèé: lítà tó ń ṣàn ní ìṣẹ́jú kan, lọ́nà nọ́ńbà vaporizer, lọ́nà 3. Ìyẹn ni mílílítà tí ẹ ó jó ní wákàtí kan. Ẹni tó ṣí 6 lítà sí 4% yóò jó 72 ml, ìgò 250 ml á tán láàárín wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Ẹni tó ṣí 1 lítà sí 2%, 6 ml péré ni. Ẹ ṣí i kékeré, ẹ lo ẹ̀rọ onírọ́bà yíyípo tó ní soda lime, ìyẹn èyí tó ń fa carbon dioxide kúrò nínú èémí.

Dókítà Èkó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Adé, ìṣirò yín péye, mo sì máa fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣí ọ́síjìn sí 1 lítà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fi iye ọ́síjìn àti gáàsì inú rọ́bà hàn, àti capnograph tó ń fi bí ọmọ ṣe ń mí carbon dioxide jáde hàn. Soda lime náà gbọ́dọ̀ máa yí àwọ̀ padà nígbà tó bá kú. Mo ti débi tí wọ́n ń lo èyí tó ti kú láti oṣù méjì. Bí kò bá sí àwọn wọ̀nyí, ọmọ á máa mí èémí ara rẹ̀ sínú. Ọmọ kílò 14 tó wà lórí T-piece, rọ́bà ìmí ọmọdé tí kò ní soda lime, ẹ̀yin náà mọ̀ pé 1 lítà ò lè tó o.

Ojúgbà mi l'Ókè-Ògùn, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn fún ìpá ọmọdé ni caudal. Ẹ fi ketamine díẹ̀ mú ọmọ sùn láti ojú iṣan, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gún bupivacaine 0.25% sí ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn, 1 ml fún kílò kan. Ìdí rẹ̀ á kú tipiri. Ketamine tí ẹ ó lò á dín kù, ọmọ á sì jí láìsunkún ìrora. Ẹ fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ rí i pé ẹ̀jẹ̀ ò jáde.

Bàbá Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Dókítà, 1 ml fún kílò jẹ́ 2.5 mg fún kílò. Ẹnu ààlà gan-an lẹ gbé e sí yẹn. Níbi tí kò sí lipid emulsion tí a lè fi gba ọmọ bí oògùn bá ṣìnà wọ inú ẹ̀jẹ̀, èmi ò ní kọjá 2 mg fún kílò, ìyẹn 0.8 ml. Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni má ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ caudal. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì í fún ọmọ mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Dókítà Èkó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Mo gbà, Bàbá. 0.8 ni kí ó fi ṣe. Bí ó bá lè rí àyè, kó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú wa l'Ékòó, mo máa bá a wá ibùsùn. Mo ti kọ ìwé sí i níkọ̀kọ̀.

Màmá Ìbejì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:11 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, ìyá ni mí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Táyé mi, wọ́n ní kó má jẹ, kó má mu láti agogo méjìlá òru. Agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n tó gbé e wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ètè rẹ̀ gbẹ bí ewé ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá kan tó jókòó tì mí yọ́ fún ọmọ tirẹ̀ ní ẹ̀kọ mímu lẹ́yìn ilé, kò sì sọ fún wọn. Ṣé dandan ni kí ebi pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ògùn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 alẹ́

Mà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ìbejì. Kì í ṣe dandan. Wákàtí mẹ́fà fún oúnjẹ, mẹ́rin fún wàrà ọmú, méjì fún omi tó mọ́ gaara. Àwọn tó ń sọ pé "láti òru" ń ṣe é nítorí a kì í mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọlé, iná lè lọ, dókítà lè pẹ́. Ẹni tó ń jìyà rẹ̀ ni ọmọ. Níbi tiwa, mo máa ń jí ní ìdajì láti pe àwọn ìyá pé kí wọ́n fún ọmọ lómi.

Àmọ́ ẹ̀kọ kì í ṣe omi, mà. Oúnjẹ ni, bó ti wù kó ṣàn tó. Bí ọmọ yẹn bá bì í nígbà tó ń sùn, tó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ìyẹn ni ikú. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ìyá yòókù: bí ọmọ bá jẹ, kí wọ́n sọ fún wa, a ò ní bú wọn. A kàn máa sún un sẹ́yìn ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn náà rí bẹ́ẹ̀.

Adé Leeds · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:15 alẹ́

Àwọn akunilóorun Yúróòpù ti fọwọ́ sí wákàtí kan fún omi gaara fún ọmọdé láti 2022, a sì ń ṣe é níbí.

Ìyá Tíátà · Ọjọ́rú, 6:30 àárọ̀

Ẹ fi méjì sílẹ̀ fún wa. Omi gaara tí ìyá mìíràn ń wí, mílíìkì ló wà nínú rẹ̀.

Bàbá, mo ti gbọ́. Mo ronú lé e mọ́jú. Ọmọ tó ń ta ẹsẹ̀ yẹn, a máa ń sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Mo ti ní kí wọ́n má ṣe da nǹkan kan sínú pupa yẹn mọ́ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi wò ó.

Àbúrò, jẹ́ kí n fún ọ ní ohun tí mo mọ̀ dáadáa, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọ̀fun tó pa dé. O ò sọ pé o fún un ní suxamethonium, oògùn tó ń mú kí ọ̀fun tó pa dé tú. Ṣé kò sí ni, àbí o dúró? Kí ọmọ tó wọlé ni kó ti wà nínú abẹ́rẹ́, kí kílò ọmọ wà lára rẹ̀, pẹ̀lú atropine, tí kì í jẹ́ kí ìlù ọkàn lọ sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 1 sí 2 mg fún kílò ní ojú iṣan, bí kò bá sí iṣan, 4 mg fún kílò sínú ẹran. Kí ó tó kan ìyẹn, ihò kékeré kan wà lẹ́yìn etí, láàárín gbòǹgbò etí àti egungun àgbọ̀n. Fi ìka àárín méjèèjì tẹ̀ ẹ́ wọnú, lápá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí o sì máa fi fa àgbọ̀n síwájú. Tẹ̀ ẹ́ kó dùn ún. Ó ti gbà mí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ògùn · Ọjọ́rú, 7:02 àárọ̀

Mo ní suxamethonium, mà. Inú fíríìjì ló wà, fíríìjì sì wà ní ọ́fíìsì mátírọ́ọ̀nù, ó ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání lọ sípàdé. Ó dùn mí láti kọ ọ́.

Ìyá Tíátà · Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Má sunkún. Ra kúlà kékeré tí àwọn tó ń ta áìsìkiriìmù ń lò. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, fi yìnyín sí i, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ ní tíátà. Kì í bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀ bí kò bá sí ní fíríìjì, ṣùgbọ́n bó bá ń pẹ́ nínú ooru, agbára rẹ̀ á máa lọ. Kọ ọjọ́ tó jáde sí i lára.

Apòògùn · Ọjọ́rú, 11:25 àárọ̀

Mo kàn fẹ́ fi nǹkan méjì kún un. Ketamine tó wà lọ́jà wa jù ni ìgò 10 ml tó jẹ́ 50 mg nínú ml kan, 500 mg lápapọ̀. Ṣùgbọ́n oní 10 mg àti oní 100 mg wà láyé, ìgò wọn sì jọra. Ẹ ka ìgò, ẹ má ka àwọ̀ ìdérí. Fún ọmọdé, ẹ lú u pẹ̀lú omi abẹ́rẹ́ (water for injection) kó di 10 mg nínú ml kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sára abẹ́rẹ́.

Èkejì, ẹni tó bá ní òun rí halothane fún yín lẹ́yìn tí gbogbo ọjà ti gbẹ, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ wo bóyá èdìdì ìdérí ṣì wà níbẹ̀. Ìgò tí wọ́n ti ṣí, ẹ má rà á.

Onímọ̀-Ẹ̀rọ Mókólá · Ọjọ́rú, 2:45 ọ̀sán

Nọ́ọ̀sì, ẹ lọ wo stóòrù yín. Àwọn ọsibítù ìjọba àtijọ́ sábà máa ń ní OMV (Oxford Miniature Vaporizer, vaporizer kékeré) tí wọ́n ti gbàgbé: irin kékeré tó wúwo, ọwọ́ ìyí rẹ̀ wà lórí, gíláàsì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ fi ń wo oògùn. 50 ml péré ló ń gbà. Wọ́n ṣe é kí a lè máa pààrọ̀ oògùn inú rẹ̀, ojú nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé yọ: ti halothane wà, ti isoflurane wà. Kò lo iná. Bí ó bá wà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi, kí ẹ má tíì da nǹkan kan sínú rẹ̀.

Bàbá Fẹ̀yìntì · Ọjọ́rú, 5:15 ìrọ̀lẹ́

OMV ò burú, mo fi í ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tó 20 kílò, ẹ má jẹ́ kí ó fi agbára ara rẹ̀ máa fa atẹ́gùn gba inú rẹ̀, yóò rẹ̀ ẹ́. Ẹ bá a tẹ báàgì. Bí ọjọ́ bá sì ti gbóná, tàbí ti tútù, nọ́ńbà ojú rẹ̀ a máa ṣí díẹ̀. Ọmọ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe nọ́ńbà: ojú rẹ̀, èémí rẹ̀, ìlù ọkàn rẹ̀. Kí stethoscope wà létí yín, kódà bí oximeter bá ń dún.

Kí n tún sọ èyí. Ẹgbẹ́ àwọn akunilóorun àgbáyé ní kí dókítà akunilóorun máà dín ní márùn-ún fún 100,000 ènìyàn. Tiwa ò tó ẹyọ kan. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ gbé iṣẹ́ yìí dúró, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ ohun tí ọkàn yín ò gbà. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ da nǹkan sínú nǹkan, ẹ ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ògùn · Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, 9:30 alẹ́

Mo padà dé. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

A rí OMV náà lábẹ́ àwọn àga tó ṣẹ́, eruku bò ó. Ojú nọ́ńbà isoflurane wà nínú àpótí rẹ̀, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Onímọ̀-Ẹ̀rọ wo fọ́tò, ó ní ká gbé e wá s'Íbàdàn, ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó dán an wò. Ọlọ́run á bù kún un. Kò gbowó iṣẹ́, owó rọ́bà nìkan ló gbà.

Nínú ọmọ márùn-ún, mo dá méjì padà. Ọ̀kan ní ọ̀fìnkìn, èkejì jẹ àkàrà, ìyá rẹ̀ sì sọ òótọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù, mo rí ojú iṣan kí wọ́n tó wọlé, orí ẹsẹ̀ ìyá wọn ni wọ́n wà nígbà tí mo fún wọn ní ketamine. Ìgbà tí wọ́n sùn tán ni isoflurane tó bẹ̀rẹ̀, láti 0.5% lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo dá a dúró, mo jẹ́ kó sinmi, mo tún bẹ̀rẹ̀. Kúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. A ò ṣí i. Nọ́ọ̀sì tuntun ló ń kọ nọ́ńbà oximeter sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kò sí èyí tó bọ́ sísàlẹ̀ 96.

Mo ti lẹ bébà funfun mọ́ vaporizer pupa: "Má lò ó." Ọ̀gá wa ò kọ́kọ́ dunnú, ṣùgbọ́n mo tẹ ọ̀rọ̀ Bàbá jáde, mo gbé e síwájú rẹ̀, ó kà á títí dé òpin. Ó ti fọwọ́ sí i kí n lọ s'Ékòó fún ọ̀sẹ̀ méjì ti caudal.

Ìbéèrè kan ló kù, Onímọ̀-Ẹ̀rọ. Pupa yẹn, ṣé a lè sọ ọ́ di ti isoflurane títí láé, kí a kun ún láwọ̀ àlùkò, kí OMV wá jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé fún ìgbà tí iná bá lọ?

Onímọ̀-Ẹ̀rọ Mókólá · Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, 10:05 alẹ́

Kíkun àwọ̀ nìkan ò tó. Ó di ìgbà tí mo bá tú u, tí mo fọ thymol inú rẹ̀ kúrò, tí mo gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì, kí n rí ohun tó ń jáde ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá dúró, a ó pa á tì. Mo ń bọ̀ lápá Ìsẹ́yìn ní Ọjọ́rú, mo lè yà. Ẹ fa halothane inú rẹ̀ jáde sínú ìgò tó ní ìdérí, níta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ìyá Tíátà · Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, 10:11 alẹ́

Onímọ̀-Ẹ̀rọ, bí ẹ bá ti ibẹ̀ kúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi náà. Mo ń fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀.